Gémù ìbọn àti ọmọ tó lu àbúrò rẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Bólú (Ìbàdàn), Sátidé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì fẹ́ gbé e sùn.

Mo ní ọmọkùnrin méjì. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ní Kérésì tó kọjá, àbúrò ọkọ mi tó wà ní London gbé ẹ̀rọ gémù PlayStation 4 wá fún wọn pẹ̀lú àwo gémù mẹ́rin: ti bọ́ọ̀lù, ti ìje mọ́tò, Call of Duty àti GTA, méjì tó gbẹ̀yìn yìí, ti ìbọn ni wọ́n. Nígbà náà, èmi kò mọ èwo ni èwo. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà náà, bí mo bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ìró ìbọn ni mo máa ń gbọ́.

Lọ́sàn-án òní, mo ń ro àmàlà lọ́wọ́ ni mo gbọ́ igbe. Mo sáré wọlé tèmi torógùn. Àbúrò ti di orí mú, iwájú orí rẹ̀ ti yọ kókó bí awùsá. Páàdì tí wọ́n fi ń darí gémù wà nílẹ̀, ó ti sán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló là á mọ́ ọn lórí. Mo bi í pé kí ló dé, kò fọhùn, ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ yìí kì í jà tẹ́lẹ̀ o! Òun ni àwọn tíṣà rẹ̀ máa ń pè ní onísùúrù.

Bàbá wọn ní kí n ta gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọkùnrin ni wọ́n, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má jà. Arábìnrin kan ní ìjọ wa ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń gba inú ìbọn orí tẹlifíṣọ̀n wọ ọmọdé lára. Mo ti tú wáyà, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò ńlá tí a fi ń se ọbẹ̀ òde, mo sì dé e. Ṣé gémù ló ń ṣe é, àbí ọmọ ló ń yíwà padà? Ẹ gbà mí.

Bàbá Àgbà Ìjẹ̀bú, Sátidé, 9:02 alẹ́

Kí lẹ tún ń bèèrè? Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìkòkò, kí ẹ sì gbé ìkòkò ka iná. Ohun tí ojú ọmọdé bá ń rí lójoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ́. Ọmọ tó ń jí, tó ń yìnbọn pa èèyàn kó tó jẹun àárọ̀, kí lẹ fẹ́ kó dà? Ṣé ẹ ti gbàgbé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì tó wọ ilé ìwé wọn ní Columbine lọ́dún 1999, tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ 12 àti tíṣà kan? Gémù ìbọn kan tí wọ́n ń pè ní Doom ni wọ́n ń gbá kó tó dọjọ́ náà. Gbogbo ayé ló gbọ́.

Olóyè Páàdì (Mọ́níyà), Sátidé, 9:31 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Bólú. Kí orí ọmọ tètè wálẹ̀. Bàbá, ẹ kú alẹ́ o.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù gémù: tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà, jẹnẹrétọ̀ kan, bẹ́ńṣì gbọọrọ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń wá, bàbá ọlọ́mọ náà ń wá. Bí gémù bá ń dá ìjà sílẹ̀, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀, torí èmi ni mò ń là á.

Ohun tí ojú mi rí rèé. Àwọn tó ń gbá gémù ìbọn, jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń jókòó. Ẹnu wọn á là sílẹ̀, eṣinṣin lè wọlé kó sì jáde kí wọ́n má mọ̀. Ìdí bọ́ọ̀lù ni wàhálà wà. "Ìwọ lo dá gémù dúró nígbà tí mo fẹ́ gbá a sílé!" "Páàdì tìrẹ ló dáa, tèmi ń lẹ̀!" Ká má tíì sọ ìgbà tí owó bá wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ṣì ń gbà kí wọ́n máa ta á ní ₦200, ₦500, kò sọ́sẹ̀ tí n kì í fa èèyàn méjì ya. Àga ike mẹ́ta ni wọ́n fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún kan. Mo gbẹ́sẹ̀ lé tẹ́tẹ́, ìjà dínkù. Gémù kan náà, àwọn ọmọ kan náà.

Ìbéèrè mi wá ni pé: èwo ni wọ́n ń gbá lọ́wọ́ nígbà tí páàdì fò? Àbúrò ni kí ẹ bi o, ẹ má bi ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Bólú (Ìbàdàn), Sátidé, 9:58 alẹ́

Mo lọ bá a lórí ibùsùn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni o! Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń na òun ní 2–1, òun wá gbá méjì wọlé tẹ̀léra wọn nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, lòun bá dìde, òun ń jó, òun ń pe ẹ̀gbọ́n òun ní "kọ́sítọ́mà mi". Ibi tí ijó dé nìyẹn tí páàdì fi bà á.

Ará mi, ọ̀rọ̀ wá dà rú mọ́ mi lójú. Ìbọn tí mo dé mọ́ inú ìkòkò, òun kọ́ ló ṣẹ̀.

Tíṣà Abẹ́òkúta, Sọ́ńdè, 6:15 àárọ̀

Ẹ má tíì dá ìbọn láre o. Ọdún 14 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS, mo sì mọ ohun tí mo ń rí. Bí wọ́n bá ti ìsinmi dé, gbogbo rúlà ló ti dìbọn. Wọ́n á sá pamọ́ sẹ́yìn àga, wọ́n á máa fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ bíi sójà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan gba ẹ̀yìn dé bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi apá kan dì í lọ́rùn, ó fi ìdérí bírò ha á lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde púpọ̀, àmọ́ ọmọ náà sunkún títí wọ́n fi lu aago. Mo bi í níbo ló ti kọ́ ọ. Kò bẹ̀rù, ó dárúkọ gémù náà fún mi, ó tún ní bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́. Èmi náà ní àpá kan ní àgbọ̀n. Ilé aládùúgbò wa kan ló ní fídíò nígbà náà, gbogbo wa a máa tò síbẹ̀ wo fíìmù kọ́ǹfù àwọn ará Ṣáínà. Bí a bá jáde báyìí, kò sẹ́ni tí í fẹsẹ̀ rìn délé mọ́, gbogbo wa là ń fò. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fò lù mí, tí mo fi àgbọ̀n lulẹ̀ lórí ẹnu gọ́tà. Lémọ́ọ̀mù ni ọ̀rẹ́ mi yẹn lónìí o, kò tiẹ̀ lè pa adìẹ fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, n kò sọ pé gémù ń sọni di apààyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ń kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́ Leeds, Sọ́ńdè, 11:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni mò ń kà níbí, orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo sì ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé. Ẹ fàyè gbà mí, yóò gùn díẹ̀.

Tíṣà, pé ọmọ ń fara wé ohun tó rí, kò sẹ́ni tó ń jiyàn èyí mọ́. Láti 1961 ni onímọ̀ kan, Albert Bandura, ti fi ọmọláńgidi oníke kan dán an wò ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà: àwọn ọmọ kékeré tó rí àgbàlagbà tó ń lu ọmọláńgidi náà, bí wọ́n ṣe kó wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn náà dà á bo. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń bára wọn fà ni bóyá ìwà náà ń bá ọmọ jáde kúrò nínú eré wọ inú ilé, wọ àárín ìgboro.

Apá kan ni Craig Anderson ti Yunifásítì Iowa State àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wà. Lọ́dún 2010, wọ́n kó ìwádìí jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀, àwọn èèyàn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 130,000, wọ́n sì ní gémù ìwà ipá ń mú kí èèyàn le koko mọ́ ọmọnìkejì. Christopher Ferguson ti Yunifásítì Stetson àti àwọn mìíràn takò wọ́n: wọ́n ní ohun tí wọ́n rí kéré, bí wọ́n sì ṣe wọ̀n ọ́n mẹ́hẹ.

Ọ̀rọ̀ wíwọ̀n yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ kò lè fún èèyàn ní kóńdó kí ẹ ní kó lu aládùúgbò rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí. Nítorí náà, àwọn kan máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá gémù ní bọ́tìnnì, kó fi ariwo ta ẹlòmíràn létí, wọ́n á sì wo bí ariwo náà ṣe ròkè tó. Àwọn mìíràn á gbé ata olómi kalẹ̀, wọ́n á ní ẹnì kan wà tí kò fẹ́ràn ata rárá, òun ló máa jẹ ẹ́: bu iye tó wù ọ́ sí i fún un. Ẹni tó bá bu púpọ̀, òun ni oníjàgídíjàgan. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa, èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Bí wọ́n bá gbé ìdánwò yẹn dé ilé wa, ìyá mi ni yóò gbapò kìíní, kò sì mú páàdì rí láyé rẹ̀.

Ẹ wo èyí tó yàtọ̀. Ní Jámánì, Simone Kühn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn kan máa gbá GTA V lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, àwọn kan gbá The Sims 3 tí kò ní ìjà, àwọn kan ò gbá nǹkan kan. Èèyàn 77 ni gbogbo wọn. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò kó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó parí, àti lẹ́yìn oṣù méjì mìíràn. Kò sí ìyàtọ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé e jáde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Andrew Przybylski ní Oxford pẹ̀lú Netta Weinstein lo ọmọ Gẹ̀ẹ́sì 1,004, ọmọ ọdún 14 àti 15. Àwọn òbí tàbí alágbàtọ́ ni wọ́n bi nípa ìwà ọmọ, wọn ò sì fi ẹnu ọmọ wọn bóyá gémù kan le. Òǹtẹ̀ ọjọ́ orí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gémù ni wọ́n wò. Wọ́n tiẹ̀ kọ ètò wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó fojú kan èsì, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i sẹ́yìn. Àwọn náà ò rí ohun tó so gémù pọ̀ mọ́ ìwà jàgídíjàgan.

Ìyá Bólú, ibi tó kàn yín rèé. Lọ́dún 2014, Przybylski yìí kan náà àti àwọn mìíràn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí gémù ṣòroó darí, kí ọwọ́ má ràn án. Bí gémù bá ti ń dójú ti èèyàn báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ìbọn ì báà wà níbẹ̀, kó má wà níbẹ̀. Ọmọ yín tó ti ń borí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá gbẹ̀yìn bẹ́bọ jẹ́ fún, tí wọ́n tún jó lé e lórí, ìwé wà nípa tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹjà, Sọ́ńdè, 1:05 ọ̀sán

Akẹ́kọ̀ọ́ Leeds, o ṣiṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n o fi ẹran kan sílẹ̀ nínú ọbẹ̀. Lọ́dún 2018 kan náà, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Prescott, Sargent àti Hull, kó ìwádìí 24 jọ, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ lé ní 17,000. Wọn ò kàn gbé ọmọ wá lọ́jọ́ kan fún wọn ní ata bù. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún oṣù, fún ọdún. Wọ́n kọ́kọ́ yọ ìwà ìjà tó ti wà lára ọmọ tẹ́lẹ̀ kúrò. Síbẹ̀, àwọn tó ń gbá gémù ìwà ipá jù ni wọ́n tún ń jà díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nígbà tó yá. Díẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n díẹ̀ kì í ṣe òdo.

Àwọn 77 tí o kà sílẹ̀ yẹn ńkọ́? Àgbàlagbà ni wọ́n. Ọmọ ọdún 12 la ń sọ.

Ìyá Bólú, mo ní ìbéèrè kan tí kò sẹ́ni tó bi yín: aago mélòó ni ọmọ yìí ń sùn? Ọmọ tí oorun ò tó, omi tútù pàápàá á bí i nínú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Leeds, Sọ́ńdè, 1:40 ọ̀sán

Ẹ jàre mi, Nọ́ọ̀sì. Mo mọ ìwé náà, mo sì yẹ kí n mẹ́nu bà á. Ohun tí mo lè fi kún un ni pé bí a bá kó gbogbo ohun tó mú kí ìjà ọmọ kan ju ti èkejì lọ jọ, ìpín gémù níbẹ̀ ò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, APA, tó ti sọ̀rọ̀ gbígbóná sí gémù ìwà ipá lọ́dún 2015, fi tún jáde lọ́dún 2020: wọ́n ní nǹkan kékeré kan wà láàárín gémù àti kí ọmọ máa jágbe, kó máa ti èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ò tó láti fi di ìpànìyàn rù ú.

Ará Houston, Sọ́ńdè, 4:12 ìrọ̀lẹ́

Bàbá Àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ Columbine ṣe díẹ̀, nítorí ìlú yìí ni mò ń gbé, ọmọ mi mẹ́ta ló ń lọ síléèwé níbí.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń gbá Doom. Àìmọye èèyàn ló ń gbá Doom nígbà náà, èmi náà wà níbẹ̀. Àwọn ẹbí kan gbé àwọn tó ṣe gémù lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì da ẹjọ́ náà nù lọ́dún 2002. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kà tán ni ti ìbọn gidi: ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti pé ọdún 18 ló bá wọn ra mẹ́ta nínú ìbọn wọn ní ọjà ìbọn. Lọ́dún 2007, nígbà tí ẹnì kan pa èèyàn 32 ní yunifásítì Virginia Tech, ojú ẹsẹ̀ ni àwọn kan ti jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní gémù ni. Ìgbìmọ̀ tí gómìnà yàn wádìí dé yàrá tó ń sùn. Àwọn tó bá a gbé ò rí i kó gbá gémù rí.

Japan ńkọ́? Kòríà Gúúsù ńkọ́? Gémù ni wọ́n fi ń mí níbẹ̀, ẹ sì wo bí ikú ìbọn ṣe ṣọ̀wọ́n tó lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí n má tíì sọ ohun tí à ń rí níbí.

California tiẹ̀ ṣòfin lọ́dún 2005 pé kí wọ́n má ta gémù ìwà ipá fún ọmọdé. Ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011, adájọ́ méje wọ́gi lé e, méjì kọ̀. Adájọ́ Scalia tó kọ ìdájọ́ náà ní ìtàn àwọn ọmọdé fúnra wọn kún fún ẹ̀jẹ̀, ó mẹ́nu ba àwọn ọmọ tó ti àjẹ́ sínú ààrò. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ṣé àlọ́ tiwa náà kọ́? Erin tí Ìjàpá tàn títí tó fi já sí kòtò, kí ló ṣẹ̀? Orin ayọ̀ la sì ń kọ sí i, a ń pàtẹ́wọ́.

Màmá Peckham, Sọ́ńdè, 7:30 alẹ́

Gbogbo yín ń sọ ìwé, ẹnikẹ́ni ò bá àbúrò ọkọ wí. PEGI 18, òǹtẹ̀ ọjọ́ orí, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara GTA, gàgàrà, ní àwọ̀ pupa! Láti 2012 ni òfin ti de ṣọ́ọ̀bù ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí pé wọn ò gbọ́dọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tó 18. Ó rà á, ó fi sínú báàgì, ó gbé e fún ọmọ ọdún 12. Ẹ̀yin ń bẹ̀rù ìbọn. Ilé ìjó oníhòòhò wà nínú GTA V. Ibì kan tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó mú páàdì ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ dá èèyàn lóró. Kò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ ìwádìí kí ẹ tó gbé ìyẹn kúrò nílẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá.

Ohun tó sì ba tèmi nínú jẹ́ kì í ṣe ìbọn. Ọmọ mi ń fi íntánẹ́ẹ̀tì gbá a pẹ̀lú àwọn àjèjì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Lọ́jọ́ kan, mo gba ìbòtí náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi sétí ara mi. Èébú tí mo gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, n kò gbọ́ ọ rí ní gbogbo ọdún tí mo fi ta ẹja ní Mushin. Ọmọkùnrin kan, ohùn rẹ̀ ò tíì là, ó ń bú ìyá mi, ó sì ń bú àwọ̀ mi. Ẹ lọ sínú ètò PlayStation náà: àyè òbí wà níbẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ orí ọmọ sí i, kó má lè ṣí èyí tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹ ti ọ̀rọ̀ sísọ pa. Ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í, kí ẹ má sì fi ọjọ́ ìbí yín ṣe é, àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Òṣogbo 19, Mọ́ńdè, 12:18 òru

Ẹ má bínú pé mò ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Èmi ni ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láìmọ̀, láti ọmọ ọdún 10 ni mo ti ń gbá Call of Duty.

Inú ti bí mi dé ibi tí mo fi ju páàdì mọ́ ògiri, kò sì sí ìgbà kankan tó jẹ́ pé ìbọn ló fà á. Dátà á kàn dúró, ọkùnrin mi á dì gbagidi bí ère, wọ́n á sì pa mí. Tàbí kí wọ́n mú iná ní ìṣẹ́jú 85 tí mò ń jẹ. Bí wọ́n bá mú iná lálẹ́ Sátidé ní àdúgbò wa, ẹ máa gbọ́ igbe láti ilé mẹ́wàá.

Ẹ̀yin òbí, ohun kan wà tí ẹ ò mọ̀. "Pa á báyìí báyìí!" yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ní ìparí, ìbọn náà ní ìparí. Kí ẹ gbà á lọ́wọ́ èèyàn láàárín, bí ìgbà tí ẹ fa òkèlè yọ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ẹ má fi aago kà á, ẹ fi ìdíje kà á: méjì lónìí, ó parí. Mọ́mì mi ṣe é fún mi, a ò jà mọ́. Ó dáa, a ò jà púpọ̀ mọ́.

Tíṣà Abẹ́òkúta, Mọ́ńdè, 5:50 àárọ̀

Ọmọ Òṣogbo, aago méjìlá òru kọjá nígbà tí o kọ èyí. Nọ́ọ̀sì ń wò ọ́ o.

Bàbá Àgbà Ìjẹ̀bú, Mọ́ńdè, 10:10 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ìwọ ará Houston, mo gbọ́ tìrẹ, mo sì gba ti ìbọn gidi. Àmọ́ n kò tíì gbà pé ojú lè máa rí ikú fún wákàtí mẹ́ta kí ọkàn má yigbì. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Bólú ni ijó tí ọmọ kékeré yẹn jó. A jà nígbà tiwa. Gídígbò la máa ń jà lálẹ́ òṣùpá, ní iwájú ilé bàbá wa, ọmọ tó gbé ẹnìkejì rẹ̀ ṣánlẹ̀ ló ń borí. Àgbà kan ò ní ṣàì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, ó tán. Ẹni tó dá a ni yóò nawọ́ fà á dìde, òun náà ni yóò gbọn yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dànù. Bí o bá fi í ṣẹ̀sín, wọ́n á fà ọ́ létí, wọ́n á sì ní kí o jókòó títí gbogbo eré á fi parí. Ta ló wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn ọmọ yín nígbà tí wọ́n ń gbá gémù?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹjà, Mọ́ńdè, 10:31 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun o. Ìyá Bólú, ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ oorun.

Ìyá Bólú (Ìbàdàn), Sọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn, 8:15 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo fẹ́ rí nǹkan kí n tó sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ gún mi ní kẹ́ṣẹ́. Àdúgbò wa, òru ni wọ́n sábà máa ń mú iná wá. Mo bi àbúrò. Ó ní bí iná bá ti dé ní aago kan òru, ẹ̀gbọ́n òun á dìde, á yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀ pátápátá, á máa gbá a títí wọ́n á fi pe ìrun. Òru Fráídè tó ṣáájú ọjọ́ ìjà náà, kò fojú kan oorun! Èmi sì rò pé ìdí tó fi máa ń pẹ́ jí ni pé ó ń dàgbà.

Mo ti gbé ẹ̀rọ náà jáde nínú ìkòkò, ó wà ní pálọ̀ báyìí. Alẹ́ ni mò ń tú wáyà rẹ̀, mo ń gbé e sọ́dọ̀ mi. Ìdíje méjì lójúmọ́, mẹ́ta ní Sátidé. Call of Duty àti GTA wà nínú àpótí mi. Mo pe àbúrò ọkọ mi, ó ní òun ò ka ohun tó wà lẹ́yìn páálí. Mo ní kó kà á fún mi lórí fóònù, ó kà á dé ìlàjì, ó ní "ẹ má bínú, ìyàwó wa".

Bàbá Àgbà, mo mú tiyín: ẹni tó bá borí ni yóò lọ bu omi wá fún ẹni tó fìdí rẹmi. Kò sí ijó, kò sí kọ́sítọ́mà. Àbúrò jó lọ́jọ́ kejì, mo ní kó jókòó, ìdíje rẹ̀ ti tán fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó sunkún ju ọjọ́ tí wọ́n fi páàdì là á lórí lọ. Èmi náà gbá a lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n nà mí ní 7–0, ó sì bu omi tútù wá fún mi tòun tẹ̀rín.

Kò tíì pé o. Ní Tọ́sìdeè, àbúrò borí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ta àpótí ìjókòó nípàá, ó sì jáde lọ sẹ́yìnkùlé fún bí ìdajì wákàtí. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Bàbá wọn ṣì ní kí n tà á. Ti ìbọn yẹn, n kò dá a padà, n kò sì tíì mọ̀ bóyá màá dá a padà nígbà tó bá pé 18.

Olóyè Páàdì (Mọ́níyà), Sọ́ńdè, 8:44 alẹ́

Ìyá Bólú, páàdì tí ẹ fi ránṣẹ́ ti ṣe o. Ọ̀pá ìdarí apá òsì ló já, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tó sán, gúlúù ni mo fi lẹ̀ ẹ́, ẹ ní kó má fún un pọ̀ jù. ₦4,000. Ẹ̀gbọ́n gan-an ni kí ẹ rán wá gbà á.

Ìyá Bólú (Ìbàdàn), Sọ́ńdè, 8:52 alẹ́

Owó ọdún rẹ̀ ni yóò fi san án. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ₦3,700 ló ní. Àbúrò ló yá a ní ọ̀ọ́dúnrún tó kù, pẹ̀lú èlé. Ẹ máa retí àwọn méjèèjì lọ́la lẹ́yìn iléèwé.